Àtò Nọ́ńbà Oníhà Púpọ̀ àti Bí Ó Ṣe Ń Di Mátíríìsì

Kì í ṣe inú ẹ̀rọ ni olùkọ́ ti kọ́kọ́ ń bá ọ̀ràn yìí pàdé. Inú ìwé máàkì ni. Nígbà tí ìdánwò bá parí, olùkọ́ kíláàsì a mú ewé tákàdá kan, a fa ìlà sí i, a kọ orúkọ àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì kọ orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ sí òkè láti òsì dé ọ̀tún. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ní ìhà méjì: ìhà àwọn ọmọ àti ìhà àwọn ẹ̀kọ́. Òun ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní mátíríìsì. Ìlà tó lọ gbọọrọ láti òsì sí ọ̀tún ni ìlà ìbú; èyí tó dúró ṣánṣán ni ìlà òró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé bá gba tákàdá kíláàsì méjì, tí ó sì to ọ̀kan lé èkejì, ìhà kẹta ti yọjú nìyẹn, ìhà kíláàsì. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe mátíríìsì mọ́. Àtò nọ́ńbà oníhà mẹ́ta ni.

Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọ̀ǹpútà, kò ka ìhà mẹ́ta sí ìṣòro. Ìhà mẹ́rin tàbí márùn-ún pàápàá kò ní í lára. Ìṣòro wà níbòmíràn. Púpọ̀ nínú ọgbọ́n ìṣirò tí àwọn àgbà onímọ̀ ti fi sílẹ̀, bíi sísọ mátíríìsì kan di púpọ̀ mọ́ èkejì, tàbí yíyanjú àwọn ìbéèrè ìṣirò tó so mọ́ra wọn, ìhà méjì péré ni wọ́n ṣe é fún. Tákàdá tí a ń tẹ̀wé sí pẹ̀lú, ìhà méjì ló ní. Nítorí náà, ẹni tó ní àtò oníhà mẹ́ta lọ́wọ́ níláti mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ di mátíríìsì. Iṣẹ́ yìí rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí gbólóhùn àṣẹ kan ṣoṣo fi tó o, ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló sì ń mú kí àwọn ènìyàn ṣe é láìbìkítà.

Kí á mú ilé-ìwé kékeré kan fún àpẹẹrẹ. Kíláàsì méjì ló ní, ọmọ mẹ́ta ló wà nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n sì ṣe ìdánwò lé lórí. Yorùbá ló ṣíwájú, Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì sì gbẹ̀yìn. Máàkì wọn nìyí:

Kíláàsì kìíní
61 54 40 48
72 66 35 50
58 49 44 53

Kíláàsì kejì
80 63 38 57
68 70 42 46
75 52 41 58

Máàkì mẹ́rìnlélógún ni gbogbo rẹ̀, nítorí 2 lọ́nà 3 lọ́nà 4 jẹ́ 24. Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí, 2 3 4, ni ìrísí àtò náà.

Ẹni tó fún ọ̀rọ̀ ìrísí ní àmì tirẹ̀ ni Kenneth Iverson, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí a bí ní 1920. Nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ó rí i pé àwọn àmì ìṣirò tí a jogún kò bá ara wọn mu tó láti fi ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àmì tuntun. Ó wọ ilé-iṣẹ́ IBM ní 1960, ìwé rẹ̀, A Programming Language, sì jáde ní 1962. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a kó jọ di APL, orúkọ èdè kọ̀ǹpútà náà. Ojú pátákó àti inú ìwé ni èdè yìí gbé kí ẹ̀rọ tó lè kà á. Nǹkan bí ọdún 1966 ni òun àti Adin Falkoff, Larry Breed àti àwọn mìíràn mú un ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ IBM. Àwọn àmì rẹ̀ ṣàjèjì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti ṣe bọ́ọ̀lù ìtẹ̀wé àkànṣe fún un. Ní 1979, Iverson gba ẹ̀bùn Turing, ohun tó sì fi ṣe kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé àmì ìkọ̀wé tó dára jẹ́ irinṣẹ́ fún ìrònú. Àwọn kan ń fi àmì APL ṣẹ̀sín títí di òní, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọ̀sẹ̀ kan lò ó kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́tà àwọn ará Gíríìkì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ rho ni Iverson yàn fún ìrísí. Bí A bá jẹ́ orúkọ àtò máàkì wa, nígbà tí àmì yìí bá dá dúró níwájú orúkọ náà, ìbéèrè ni: kí ni ìrísí rẹ? Ìdáhùn ẹ̀rọ yóò sì jẹ́ 2 3 4. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá wà ní òsì àmì náà, ó ti di àṣẹ: gba ìrísí yìí.

6 4⍴A

Àṣẹ yìí ní kí àtò náà di mátíríìsì onílà ìbú mẹ́fà àti ìlà òró mẹ́rin. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà náà dà bí ẹni tó mú okùn ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́. Yóò kọ́kọ́ ka gbogbo máàkì bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sókùn kan, láti ọmọ kìíní kíláàsì kìíní: 61 54 40 48, yóò wọ inú ọmọ kejì: 72 66 35 50, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan 58 tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí ni yóò ká okùn náà ní ẹyọ mẹ́rin mẹ́rin. Ìlẹ̀kẹ̀ kankan kò kúrò níbi tó wà lórí okùn. Ibi tí okùn ti ṣẹ́ po nìkan ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe iṣẹ́ yìí ní àyípadà ìrísí, tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àtúntò. Kò tún ohun kankan tò.

Ìyọrísí rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ yìí dára. Ọmọ mẹ́fà ló wà, ìlà ìbú mẹ́fà ló jáde, ọmọ kan sì ni ìlà kan. Bí ọ̀gá bá pàṣẹ 2 12, èyí náà dára: ìlà kan yóò jẹ́ odindi kíláàsì kan, ọmọ lẹ́yìn ọmọ.

Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá bá fẹ́ mọ bí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti rí. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló wà, ọmọ mẹ́fà ló ṣe é. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá fẹ́ ẹ̀kọ́ kan ní ìlà kan, mátíríìsì onílà mẹ́rin tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní máàkì mẹ́fà ni òun ń fẹ́. Ó sì pàṣẹ: 4 6⍴A. Ẹ̀rọ kò jiyàn. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà jẹ́ mẹ́rìnlélógún, iye náà pé. Ohun tó tẹ̀ jáde nìyí:

61 54 40 48 72 66
35 50 58 49 44 53
80 63 38 57 68 70
42 46 75 52 41 58

Ọ̀gá kọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kìíní, Gẹ̀ẹ́sì sí ìkejì, Ìṣirò sí ìkẹta, Sáyẹ́ǹsì sí ìkẹrin. Ó ro ìlà Ìṣirò pọ̀, ó bá 376. Ó pín in fún ọmọ mẹ́fà, ìpíndọ́gba rẹ̀ lé díẹ̀ ní 62. Ìṣirò ló wá ṣíwájú gbogbo ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá padà sínú ìwé máàkì yóò rí i pé kò sí ọmọ kan tó gba 45 nínú Ìṣirò: 40, 35, 44, 38, 42, 41 ni máàkì wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 40 géérégé. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ti kùnà ni tábìlì gbé sípò kìíní. Ilé-ìwé tó ń wá ibi tí yóò fi olùkọ́ kún yóò gbà pé kò sí wàhálà nínú Ìṣirò, yóò sì mú olùkọ́ náà lọ sí ibòmíràn.

Kò sí àyẹ̀wò lásán tó lè tú àṣìṣe yìí fó. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ni yóò ro gbogbo máàkì pọ̀ láti mọ̀ bóyá nǹkan sọnù. Wọn yóò bá 1,320 nínú ìwé máàkì, wọn yóò sì bá 1,320 nínú mátíríìsì tó lòdì náà. Nọ́ńbà kankan kò sọnù, ìkankan kò sì wọlé láti ìta. Èyí tó tún burú ni pé ìlà kẹrin, tí a kọ Sáyẹ́ǹsì sí, fún ọ̀gá ní 314, nígbà tí àpapọ̀ Sáyẹ́ǹsì gan-an jẹ́ 312. Ẹni tó bá fi ìlà kan ṣoṣo yẹn yẹ iṣẹ́ wò yóò sọ pé àfi bóyá ẹnìkan ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Lórí okùn ìlẹ̀kẹ̀, máàkì Ìṣirò ọmọ kan jìnnà sí ti ọmọ kejì. Ẹyọ mẹ́ta mìíràn ló wà láàárín wọn. Kò sí bí a ṣe lè ká okùn náà tí wọn yóò fi bọ́ sórí ìlà ìbú kan náà láìsí àlejò. Àwọn ìhà tó bá fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ nìkan ni àyípadà ìrísí lè pa pọ̀ di ọ̀kan: kíláàsì àti ọmọ lè di ọ̀kan, nítorí pé 2 àti 3 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú 2 3 4, ọmọ àti ẹ̀kọ́ lè di ọ̀kan pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ṣíwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìhà ẹ̀kọ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Iṣẹ́ mìíràn gbáà nìyẹn. Pípàrọ̀ ìhà ni, àmì rẹ̀ nínú APL sì ni òbìrí tí ìlà dẹ́bùú là kọjá. Òun ló ń tú okùn, tí ó ń tún ìlẹ̀kẹ̀ sín.

4 6⍴2 3 1⍉A

Láti ọ̀tún ni a ń ka gbólóhùn APL lọ sí òsì. Nítorí náà ìhà ni a kọ́kọ́ pàrọ̀, tí àtò náà fi gba ìrísí 4 2 3, ẹ̀kọ́ níwájú, kíláàsì láàárín, ọmọ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni a wá yí ìrísí padà sí 4 6. Ìlà kẹta yóò jẹ́ 40 35 44 38 42 41, òdodo yóò sì hàn.

Àwọn nọ́ńbà 2 3 1 wọ̀nyẹn tọ́ sí àlàyé, nítorí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mọ èdè kan ti máa ń ṣubú nígbà tó bá bọ́ sínú èkejì. Ohun tí APL ń sọ ni ibi tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń lọ: ìhà kìíní lọ sí ipò kejì, ìhà kejì lọ sí ipò kẹta, ìhà kẹta wá sí ipò kìíní. MATLAB àti NumPy ń béèrè òdìkejì rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìhà kọ̀ọ̀kan ti wá. Nínú MATLAB, 3 1 2 ni a óò kọ fún iṣẹ́ kan náà. NumPy, tó ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo, yóò kọ ọ́ ní 2 0 1. Ẹni tó bá gbé 3 1 2 lọ bá APL yóò gba ìrísí 3 4 2. Bí ó bá sì yí i padà sí 4 6, ẹ̀rọ yóò gbà á tẹ́rùntẹ́rùn, nọ́ńbà yóò sì dàrú bíi ti ìṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ìhà méjì péré ló ń gba ipò ara wọn, lílọ àti bíbọ̀ dọ́gba, àṣà méjèèjì a sì fúnni ní ìdáhùn kan náà. Nítorí èyí, ẹnìkan lè ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù mẹ́fà kó má mọ̀ pé òun kò lóye rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà mọ ipò máàkì lórí okùn kò ṣàjèjì sí àwọn tó náwó ní Nàìjíríà kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Láti sọ pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ di kọ́bọ̀ nìkan, a ó fi 20 sọ iye pọ́n-ùn di púpọ̀, a ó fi ṣílè kún un. A ó fi 12 sọ èyí di púpọ̀, a ó sì fi kọ́bọ̀ kún un. Bákan náà ni ti àtò wa, bí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Ìṣirò ọmọ kìíní ní kíláàsì kejì ní àdírẹ́sì 1, 0, 2. Ẹ̀rọ a fi 3 sọ 1 di púpọ̀, a fi 0 kún un, a fi 4 sọ 3 tó jáde di 12, a sì fi 2 kún un: 14. Láti òdo, ẹyọ kẹẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, 38 ló sì wà níbẹ̀. APL ní àmì kan tó ń ṣe ìṣirò yìí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ní òmíràn tó ń dá a padà sí àdírẹ́sì.

Gbogbo èyí dúró lórí àdéhùn pé ìhà tó gbẹ̀yìn ló ń tètè yí. Kì í ṣe gbogbo èdè ló bá APL ṣe àdéhùn náà. FORTRAN, tí John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé jáde ní 1957, ń jẹ́ kí ìhà tó ṣíwájú tètè yí. Ìlà òró ló ń sín kó tó bọ́ sí òmíràn. Cleve Moler tẹ̀ lé àṣà FORTRAN nígbà tó ṣe MATLAB ní ìparí àwọn ọdún 1970 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì New Mexico. NumPy, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2006, ń tẹ̀ lé àṣà APL àyàfi tí a bá ní kó ṣe bíi FORTRAN. Àwọn babaláwo mọ irú ọ̀ràn yìí dáadáa: apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka Odù tí a tẹ̀ sórí ọpọ́n, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti òsì yóò pe Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú ní Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè. Ìlà kan náà ni, Odù ọ̀tọ̀ ni.

Bí a bá gbé àtò máàkì yẹn, pẹ̀lú ìrísí 2 3 4 rẹ̀, sínú MATLAB, tí a sì ní kó di 6 4, gbogbo ìlà òró yóò jẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo bó ti yẹ, ìpíndọ́gba ẹ̀kọ́ yóò sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì kìíní àti ti kíláàsì kejì yóò máa tẹ̀ léra wọn ní ìkọ̀ọ̀kan. Bí akọ̀wé bá wá lẹ orúkọ mọ́ ọn ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan bó ti wà nínú ìwé orúkọ, ọmọ kejì kíláàsì kìíní, tó gba 72 66 35 50, ni wọn yóò fún ní 80 63 38 57, máàkì ẹlòmíràn. Ó lè máa yọ̀ lọ sílé.

APL tún ní ìwà kan tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Bí nọ́ńbà kò bá tó fún ìrísí tí a béèrè, kì í ráhùn; yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ okùn, yóò sì máa lò ó lọ. Bí nọ́ńbà bá pọ̀ jù, yóò gé ìyókù sọnù. Iṣẹ́ kan wà tí ìwà yìí wúlò fún, bíi kíkún tábìlì pẹ̀lú òdo. Ṣùgbọ́n bí atẹ̀wé bá fo 40, máàkì Ìṣirò ọmọ àkọ́kọ́, gbogbo máàkì tó tẹ̀ lé e yóò sún síwájú ní ipò kan, 61 tó ti wà níbẹ̀rẹ̀ yóò sì padà wá dí àyè Sáyẹ́ǹsì ọmọ tó gbẹ̀yìn. Ní ti èyí, MATLAB àti NumPy sàn jù: bí iye kò bá bára mu, wọn yóò kọ̀ jálẹ̀. J, èdè tí Iverson àti Roger Hui bẹ̀rẹ̀ ní 1990, àti àwọn ẹ̀dà APL ti ìgbà yìí, ní àmì kúkúrú kan tó ń fi ìhà àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ti wà, tí ó sì ń tẹ́ gbogbo ìyókù sí ìlà ìbú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtò 2 3 4 yóò di 2 12 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ka nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé-ìwé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, a fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sí òfuurufú láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Àwòrán tó yà nígbà ayé rẹ̀ kò ju oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta lọ: àwọ̀ ewé, pupa, àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ẹyọ kan nínú àwòrán náà dúró fún ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 32. Ewé tó yè dáadáa máa ń fa pupa mu, ó sì máa ń ta ìmọ́lẹ̀ àìrí yẹn padà gan-an, ìyẹn ni a fi ń mọ oko yàtọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ. Láti fi ìṣirò ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, a óò sọ àwòrán di mátíríìsì, ibùdó kan fún ìlà ìbú kan, ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta fún ìlà òró mẹ́ta. Àwòrán tó ní ẹyọ 1,000 ní gígùn àti 1,000 ní ìbú yóò ní ìlà ìbú 1,000,000.

Fáìlì àwòrán irú èyí kò ní ọ̀nà ìtọ́jú kan ṣoṣo. Òmíràn ń kọ ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ibùdó kan tán kó tó kan ibùdó kejì. Òmíràn ń kọ odindi àwòrán pupa tán kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Òmíràn ń pín in ní ìlà sí ìlà. Fún ti àkọ́kọ́, àyípadà ìrísí tó. Fún ti ìkejì, a óò kọ́kọ́ sọ ọ́ di mátíríìsì onílà ìbú mẹ́ta, kí a tó pàrọ̀ ìhà. Ẹni tó bá gbójú fo èyí, tí ó ká okùn náà ní mẹ́ta mẹ́ta, yóò kó ibùdó mẹ́ta tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, yóò sì pè wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ibùdó kan. Máàpù yóò jáde, oko yóò sì di aṣálẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò, kò sì gba àkókò. Kó tó fi máàkì gidi sí i, kí ó fi nọ́ńbà tó ń sọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ dán àṣẹ náà wò. Nọ́ńbà olóókan mẹ́ta ni: ti àkọ́kọ́ dúró fún kíláàsì, ti àárín fún ọmọ, ti ìkẹyìn fún ẹ̀kọ́. 111 ni Yorùbá ọmọ kìíní kíláàsì kìíní; 234 ni Sáyẹ́ǹsì ọmọ kẹta kíláàsì kejì. Bí àṣẹ bá tọ̀nà, gbogbo nọ́ńbà tó wà ní ìlà Ìṣirò yóò parí sí 3: 113 123 133 213 223 233. Àṣẹ tí ọ̀gá ilé-ìwé yẹn kọ́kọ́ pa yóò gbé 211 212 213 214 221 222 síbẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nọ́ńbà kà pàápàá yóò sì rí i pé ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló ti wọnú ìlà kan.